Ọwọ́ Tí Ń Gbọ̀n Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ayé: Ètò Ni Ó Dàrú Nínú Ọpọlọ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀ ṣáájú ọdún 2021 kò nílò olùkọ́ kankan tí yóò kọ́ ọ ní ohun tí àìsí ètò lè ṣe fún ìlú. Ọ̀nà wà, ọkọ̀ wà, awakọ̀ wà, ẹrù sì kún èbúté. Síbẹ̀ nǹkan kò rìn. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tò gbọọrọ láti ẹnu èbúté títí dé orí afárá Ìjórà. Awakọ̀ ń sùn sí abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, òṣìṣẹ́ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́, ẹrù ẹlòmíràn sì ń bàjẹ́ sí ojú ọ̀nà. Ní oṣù Kejì ọdún 2021 ni Àjọ Èbúté Nàìjíríà mú ìlànà tuntun kan wá, tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni yóò máa pe ọkọ̀ wọ èbúté. Èyí tí a bá pè ni kí ó wá; èyí tí a kò tí ì pè, kí ó dúró sí ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n sọ ìlànà náà. Wọ́n pè é ní "Ètò."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àjàgbé ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i nínú iṣẹ́ olùkọ́ pé ohun tí a mọ̀ ni a fi ń kọ́ ohun tí a kò mọ̀. Oje kan wà nínú ọpọlọ wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti Ètò yẹn gan-an. Dópámíìnì ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí oje yìí bá dínkù, ọ̀nà ṣì wà nínú ọpọlọ, ẹrù ṣì wà, ṣùgbọ́n ara kò ní lè rìn bí ó ti yẹ. Ohun tí ó sì mú mi kọ ìwé yìí ni pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní àdúgbò wa ni irú rẹ̀ ń ṣe, tí àwọn ènìyàn wọn ń sọ pé ayé ni ó ń ṣe wọ́n.

Kí Ni Dópámíìnì Ń Ṣe?

Àwọn horo kéékèèké tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ọpọlọ. Àwọn onímọ̀ ti kà á pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìròyìn nínú ọpọlọ ènìyàn kan ṣoṣo tó nǹkan bí bílíọ̀nù 86. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń dá iṣẹ́ ṣe. Wọ́n so mọ́ ara wọn ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, bí ọ̀nà àti òpópó ti so àdúgbò pọ̀. Ẹgbẹ́ kan wà fún ìríran, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀kan fún ìrántí, ọ̀kan fún gbígbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ yanturu yìí, àwọn tí ń ṣe dópámíìnì kò pọ̀ rárá. Ìdajì mílíọ̀nù ni a lè pè wọ́n, kí ó dín díẹ̀ tàbí kí ó lé díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ní ibì kan tí ó dúdú bí ẹni pé a fi ẹ̀édú kùn ún, ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń pè é ní "ohun dúdú" ní èdè Látìnì. Àmọ́ bí wọ́n ti kéré tó yẹn, ẹ̀ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tàn kálẹ̀ bí gbòǹgbò ìrókò, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye sẹ́ẹ̀lì mìíràn.

Ẹ wá fi ọkàn bá mi lọ síbí. Dópámíìnì kì í ṣe ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé. Àwọn oje mìíràn ni ó ń gbé ìròyìn "gbé ọwọ́ sókè" tàbí "tẹ̀ síwájú" láti sẹ́ẹ̀lì kan dé èkejì. Dópámíìnì ni ó ń sọ ọkọ̀ tí ó kàn. Ní àárín ọpọlọ, ọ̀nà méjì ni ó wà tí gbogbo èrò láti gbé ara gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ọ̀nà kìíní ń sọ pé, "Máa lọ." Ọ̀nà kejì ń sọ pé, "Dúró." Àwọn méjèèjì ni a nílò, nítorí bí a bá fẹ́ gbé ife omi, ọwọ́ tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ lọ, gbogbo ìṣísẹ̀ mìíràn tí a kò nílò sì gbọ́dọ̀ dúró. Dópámíìnì a máa fún ọ̀nà "Máa lọ" ní agbára, a sì máa dẹ ọ̀nà "Dúró" lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá tó, iṣẹ́ méjèèjì a wà ní ìwọ̀n. Nígbà tí ó bá dínkù, "Dúró" a borí. Ènìyàn a fẹ́ dìde lórí àga, ẹsẹ̀ a kọ̀. A fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú a le bí ère.

Ohun kejì tún wà. Ẹ rántí ẹgbẹ́ onílù dùndún. Olúkúlùkù ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀: omele ń pa ìlù tirẹ̀, gúdúgúdú ń dá tirẹ̀, ìyáàlù sì ń sọ̀rọ̀ lórí wọn. Bí gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí lu ohùn kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo yóò wà, ṣùgbọ́n ìyáàlù kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń rí nínú ọpọlọ tí dópámíìnì ti gbẹ. Àwọn dókítà tí wọ́n ti fi okùn iná tín-ín-rín sínú ọpọlọ àwọn aláìsàn rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí olúkúlùkù wọn máa ṣe tirẹ̀ ti ń lu ìlù kan náà pọ̀, láàárín ìgbà 13 sí 30 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn tí ń dá dópámíìnì padà, ìlù àpapọ̀ yẹn rọlẹ̀, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọpọlọ aláìsàn ti dákẹ́. Ètò rẹ̀ ni ó dàrú.

Ìwé Gbèsè Ìyá Oníṣòwò

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa dà bí ẹ̀kọ́ inú kíláàsì lásán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ajégúnlẹ̀. Ìyá kan wà tí ó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrí lẹ́bàá ọjà Boundary. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ka ìwé díẹ̀, nítorí náà ó ní ìwé kan tí ó ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà tí wọ́n bá ra àwìn sí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n nígbà tí ó bá gbé e lé itan jẹ́ẹ́, bí ẹni tí ń fi àtàǹpàkò yí ìlẹ̀kẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará ọjà fi ń sọ láàárín ara wọn pé ó ń mu ògógóró ní kọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní tiwọn sọ pé orogún rẹ̀ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ kan tí mo lọ san gbèsè mi, ó ṣí ìwé náà fún mi kí n wá orúkọ mi. Olùkọ́ ni mo jẹ́, ìwé ọmọléèwé ni mo ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí náà ojú mi kì í kọjá lórí ìwé lásán. Mo rí i pé ìwé tí ó kọ ní ọdún méjì sẹ́yìn tóbi, ó sì dúró dáradára. Èyí tí ó kọ láìpẹ́ yìí a máa bẹ̀rẹ̀ ní ńlá, yóò sì máa kéré sí i bí ó ti ń lọ, títí tí yóò fi dà bí ẹsẹ̀ èèrà ní òpin ìlà.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ìwé yín fi ń kéré báyìí?"

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, èmi gan-an kò mọ̀. Mo fẹ́ kí ó tóbi, ọwọ́ ni kò gbà fún mi."

Ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn ni gbogbo àìsàn náà. Ọkàn fẹ́, ọwọ́ kò gbà. Ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, a ti san owó fún ẹni tí yóò bá wa túdìí rẹ̀." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tó mú ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn níbi tí dókítà tí ó mọ̀ nípa iṣan àti ọpọlọ wà. Ó lọ́ tìkọ̀, ṣùgbọ́n ó gbà níkẹyìn. Dókítà ní kí ìyá náà rìn, kí ó fi ìka kan ìka léraléra, kí ó kọ ìwé. Ó sọ fún wọn pé àìsàn Parkinson ni, ó sì fún un ní oògùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá yìí ń de bọ́tìnnì bùbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń ka ṣéńjì fún oníbàárà. Ọwọ́ náà kò ṣíwọ́ gbígbọ̀n pátápátá, àìsàn náà kò sì lọ. Ṣùgbọ́n ó padà sí ìdí ọjà rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ ògógóró mọ́.

Bí A Ṣe Rí Ìdí Àìsàn Náà

Orúkọ dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan, James Parkinson, ni a fi ń pe àìsàn yìí. Òun ni ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1817. Ṣùgbọ́n fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ aláìsàn.

Ewé ni ó ṣí ìlẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ igbó ẹ mọ igi asofẹ́yẹjẹ. Àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa ti ń lo gbòǹgbò rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ láti fi mú ara wèrè rọlẹ̀. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960. Láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo sì ti ń ṣe ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Aró níbẹ̀, tí ó ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé láàárín ará, tí ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Igi kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà tí ó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ, àwọn ará ibẹ̀ sì ń lò ó bákan náà. Ní ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Switzerland yọ oje tí ń ṣiṣẹ́ jáde láti inú rẹ̀, wọ́n sì pè é ní reserpine. Oje kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa.

Ní ilẹ̀ Sweden, Arvid Carlsson fún àwọn ehoro ní reserpine. Àwọn ehoro náà dákẹ́ lọ gbári. Etí wọn wálẹ̀, wọn kò lè gbé ẹsẹ̀. Ó wá fún wọn ní ohun tí ara fi ń ṣe dópámíìnì, ìyẹn levodopa, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi dìde tí wọ́n ń fò kiri. Iṣẹ́ ọdún 1957 nìyí. Ṣáájú ìgbà yẹn, èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé dópámíìnì kò ní iṣẹ́ tirẹ̀ rárá nínú ọpọlọ. Ní ọdún 1960, Herbert Ehringer àti Oleh Hornykiewicz ní ìlú Vienna yẹ ọpọlọ àwọn tí àìsàn Parkinson ti pa wò, wọ́n sì rí i pé dópámíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Ní ọdún 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn aláìsàn ní levodopa, àwọn tí kò lè dìde lórí ibùsùn sì dìde. A fún Carlsson ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000.

Ẹ rí i pé ohun kan náà ni ó so wèrè àti gbígbọ̀n pọ̀. Asofẹ́yẹjẹ a máa tú dópámíìnì dànù nínú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí ó fi ń mú ara wèrè rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó ju bí ó ti yẹ lọ, ara a le gbagidi, ọwọ́ a sì máa gbọ̀n. Púpọ̀ nínú oògùn òyìnbó tí a fi ń tọ́jú wèrè lè fa irú rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ wá ń gbọ̀n, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀. Kí ó má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Ewé mìíràn tún wà tí ó yẹ kí á mọ̀: yèrèpè, tí àwọn kan ń pè ní wèrèpè, èyí tí irun ara rẹ̀ ń yún ènìyàn bí ẹni pé kí ó bọ́ awọ. Levodopa gan-an wà nínú èso rẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn dókítà tí wọ́n fi lúbúlúbú rẹ̀ tọ́jú aláìsàn 18 ní ilẹ̀ Bolivia ròyìn pé ó ṣiṣẹ́ bí oògùn inú páálí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ká yèrèpè wá sè fún ìyá rẹ̀. Àwọn dókítà yẹn wọn ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn aláìsàn náà. Ẹni tí kò wọn ohun tí ó ń fún aláìsàn mu kò mọ̀ bóyá ìwòsàn ni ó bu fún un tàbí ìpalára.

Ohun Tí Àwọn Ọmọ Ilẹ̀ Wa Rí

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Nítòsí wa níhìn-ín, ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti ń ṣe iṣẹ́ lórí àìsàn Parkinson fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2023, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Britain àti ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet Neurology. Wọ́n rí àmì kan nínú àjogúnbá àwọn aláwọ̀ dúdú, ní orí ohun tí a ń pè ní GBA1, tí ó ń mú kí àìsàn yìí tètè mú ènìyàn. Ẹni tí ó jogún àmì náà láti ọ̀dọ̀ òbí kan, ewu tirẹ̀ fi ìdajì lé ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu tirẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀. A kò rí i bẹ́ẹ̀ lára àwọn òyìnbó. Bí a bá ti gbé ẹ̀kọ́ wa lé ara àwọn òyìnbó nìkan, títí láé ni èyí ìbá fi wà ní ìpamọ́.

Èyí kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó jogún àmì náà ni àìsàn yóò mú. Àìsàn náà kò sì ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ẹ lè bá aláìsàn jẹun nínú abọ́ kan náà.

Àwọn Àmì Tí Ó Yẹ Kí Á Mọ̀

Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, dópámíìnì ti dínkù púpọ̀ nínú ọpọlọ. Nítorí náà, ó dára kí ojú wa là sí àwọn àmì kéékèèké. Àkọ́kọ́ ni ìwé tí ń kéré sí i. Èkejì ni ọwọ́ kan tí kì í jù bí ènìyàn bá ń rìn. Ẹ̀kẹta ni ohùn tí ń rọlẹ̀ títí tí oníbàárà yóò fi máa ní, "Kí ni ẹ wí?" Ẹ̀kẹrin ni imú tí kò gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́, àti ìgbẹ́ tí ń dí. Ẹ̀karùn-ún ni ẹsẹ̀ tí ń wọ́ nílẹ̀ àti ara tí ń le. Ẹ rántí pé ẹlòmíràn wà tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n rárá. Kì í sì ṣe gbogbo ọwọ́ tí ń gbọ̀n ni ti Parkinson. Dókítà ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kì í ṣe àgbà nìkan ni ó ń mú. Muhammad Ali, akọni akànṣẹ́ ayé, jẹ́ ẹni ọdún 42 ní ọdún 1984 nígbà tí a sọ pé ó ní i. Gbogbo ayé rí ọwọ́ rẹ̀ tí ń gbọ̀n ní Atlanta ní ọdún 1996, nígbà tí ó tan iná Òlíńpíìkì. Ó gbé pẹ̀lú rẹ̀ títí di ọdún 2016. Ta ni yóò sọ pé ògógóró ni?

Fún ẹni tí a bá ti fún ní oògùn, ẹ jẹ́ kí ó máa lò ó ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ó dára kí ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, nítorí ẹran, ẹja àti ẹ̀wà a máa bá levodopa du ọ̀nà nínú ara. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró lójijì. Ewu ńlá ni. Kí àwọn ará ilé sì máa ṣọ́ ìwà aláìsàn. Nínú àwọn oògùn tí ń ṣe iṣẹ́ dópámíìnì, àwọn kan wà tí wọ́n ti sọ ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ rí di ẹni tí kì í kúrò ní ìsọ̀ onítẹ́tẹ́. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má ṣe bú u. Ẹ sọ fún dókítà, yóò yí oògùn náà padà. Bí àìtó dópámíìnì ti ń ba ètò jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àpọ̀jù rẹ̀ ń bà á jẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí aláìsàn máa rìn, kí ó máa jó bí ó bá lè jó, nítorí ara tí ń ṣiṣẹ́ kì í tètè le.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ bá wà ní ìsọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ bá a ka owó rẹ̀, ẹ má ṣe fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin olùkọ́, bí bàbá tàbí ìyá ọmọ kan bá fọwọ́ sí ìwé tí ẹ rí i pé ó ti kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í léèrè. Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó san owó fún ẹni tí yóò wá ọ̀tá tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ san owó mọ́tò dé ọ̀dọ̀ dókítà. Òkèèrè ni a ti í wo olójú jíńjìn kí á tó mẹ́kún sun. Ìyá tí ó fi ọwọ́ yẹn gbọ́ bùkátà wa, tí ó fi wọn ìrẹsì tí ó fi rán wa ní iléèwé, kò yẹ kí á fi ẹ̀sùn èké ṣe ìtọ́jú rẹ̀ nígbà tí oògùn wà.